Omi Tí Kò Dé Ọgọ́rùn-ún

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi. Ìyá mi pàápàá, Tíṣà ló ń pè é. Láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé e wá ṣe olùkọ́ ní Jos kí wọ́n tó bí mi, ilé tí a sì ń gbé ní Jenta Adamu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan níwájú. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn di iléèwé kejì. Ọmọ tí iṣẹ́ àṣetiléwá bá ti ta kókó lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ìtàn ni o, sóṣíà sítọ́díìsì ni o, sáyẹ́ǹsì ni o, n kò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Àga kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, àga onígi tó ní apá méjì. Àwa ọmọ a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a wọ súẹ́tà nítorí òtútù, a máa bá ara wa sọ Hausa lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi wúkọ́, tí a ó sì yára padà sí Yorùbá. Ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ohun tí ìwé yẹn bá ti wí, àríyànjiyàn tán. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo gbọ́n, mo sì mọ̀ pé mo gbọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé gbọ́n jù mí lọ.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni mò ń sọ yìí, mo wà ní kíláàsì kẹfà. Ẹni tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan, ọmọ abúlé Du nítòsí Jos, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá síléèwé láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé tẹmómítà kan ṣoṣo tí iléèwé wa ní jáde látinú òwú. Ó ní kí olúkúlùkù wa mú un lọ sílé lọ́jọ́ tirẹ̀, ká gbé omi kaná, ká sì kọ iye tí tẹmómítà bá fi hàn nígbà tí omi bá ń hó. Ó ní ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù lọ ni yóò ṣojú iléèwé wa níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì. Háà, mo fẹ́ ìdíje yẹn! Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti ń ronú bàtà tí n óò wọ̀.

Èmi ni tẹmómítà kàn kẹ́yìn nínú gbogbo kíláàsì. Kí ó tó kàn mí, àwọn tó ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti ṣe tiwọn, bí ẹ bá lè pè é ní ṣíṣe. Bàbá mi ṣí ìwé fún wọn, ó fi ìka tọ́ ọ: ọgọ́rùn-ún ni omi ń hó. Wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún, àwọn yòókù ní kíláàsì sì wò ó lára wọn. Wọn ò fi iná kan omi rárá. Kí ni wọ́n tún ń dáná fún, nígbà tí Tíṣà ti sọ̀rọ̀?

Èmi ní tèmi gbé omi kaná, torí mo fẹ́ràn tẹmómítà yẹn, mo sì fẹ́ lò ó. Mo gba sítóòfù lọ́wọ́ ìyá mi. Omi hó yaya. Tẹmómítà gòkè, ó gòkè, ó dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó dúró síbẹ̀. Mo dúró dè é, kò kúrò. Mo da omi nù, mo gbé òmíràn kaná. Ibì kan náà ló dúró sí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta títí ìyá mi fi ní kí n má fi omi jó kẹrosíìnì òun tán.

Mo lọ sọ fún bàbá mi. Ó bi mí bóyá mo jẹ́ kí tẹmómítà jábọ́. Mo ní rárá, sà. Ó ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kí n kọ ọgọ́rùn-ún, kí n sì dá ohun oníǹkan padà fún un. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun náà ń bá ẹjọ́ tirẹ̀ lọ. Ẹ̀wà Jos kì í tètè jinná. Ó ní ní Èkìtì, kí òun tó lọ sódò kí òun tó dé, ẹ̀wà ti rọ̀. Níbí, òun á dáná títí á fi sú òun. Ọkùnrin Hausa kan tó ń ta ẹ̀wà ní àdúgbò Dilimi ló dá lẹ́bi, pé ẹ̀wà èṣí ló ń tà fún òun. Ọkùnrin náà a máa búra pé wàláhì, tuntun ni. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ti ń ja ìjà yìí, wọn ò sì jẹ́ kí ó tutù.

Mo fi pẹ́ńsù kọ ọgọ́rùn-ún bí bàbá mi ṣe wí, ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á. Ojú mi ló rí i, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo dé iléèwé láàárọ̀, mo pa á rẹ́, mo fi báírò kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún gàdàgbà. Ẹ̀rù bà mí, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ wa gba ìwé gbogbo wa, ó kà á, ó ní kí èmi nìkan dìde. Mo rò pé ó ti tán fún mi. Ó bi mí ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ṣe é, mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wá yíjú sí kíláàsì. Ó ní orí òkè gíga ni Jos wà, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ níbí kò wúwo tó ti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí omi wa fi ń tètè hó, kí ooru rẹ̀ tó dé ọgọ́rùn-ún. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹ̀wà ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo nawọ́, mo sọ ọ́ pé omi tí kò gbóná tó kò lè se ẹ̀wà kíá. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní èmi ni n óò lọ sí ìdíje.

Kí n tó yọ̀ tán, ó bi àwọn yòókù ta ló sọ fún wọn pé ọgọ́rùn-ún ni. Gbogbo ìka kọjú sí mi. Wọ́n ní bàbá mi ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí fún bàbá mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tí mo ń wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, orúkọ Tíṣà ni mo fi rà á.

Ẹsẹ̀ mi ò yá láti relé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ ti kún bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò mí. Mo rí i pé wọn ò tíì sọ fún bàbá mi, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mo rí ni mo kọ.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òkè, afẹ́fẹ́, ẹ̀wà, àti ẹ̀rín tí kíláàsì rín.

Bàbá mi ṣí ìwé rẹ̀, ó wá ojú ewé yẹn. Ó yọ báírò lápò, ó fa ìlà sábẹ́ ọgọ́rùn-ún, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ní Jos, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó wá dìde lórí àga. Ó ní, “Mo ṣìṣe. Jókòó síbí, kí o ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.”

N kò jókòó sórí àga yẹn rí. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Bàbá mi lọ há ara rẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ketekete. Nígbà tí mo parí, bàbá mi nawọ́ sókè bí àwa náà ṣe máa ń nawọ́ sí i.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Dilimi ò wá jẹ̀bi nìyẹn?”

Mo ní kò jẹ̀bi. Gbogbo wa gbọ́ tí ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀ nínú kíṣìnì.

Ìyá mi ní, “Màá lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la.”