Ráfáẹ́lì Ló Wà Lẹ́yìn

Bàbá Júù tí mo ń tọ́jú ní Peckham kì í mu tíì àárọ̀ àfi tí mo bá kọ́kọ́ yí àga onítáyà wọn sí ìlà-oòrùn. Ó máa ń sú mi, torí iṣẹ́ mi kejì ń dúró dè mí ní Catford. Wọ́n á ní áńgẹ́lì Úríẹ́lì ń bẹ níwájú, Máíkẹ́lì lọ́tùn-ún ní gúúsù, Gébúrẹ́lì lósì ní àríwá; Ráfáẹ́lì tó ń woni sàn ló wà lẹ́yìn, ní ìwọ̀-oòrùn.

Lọ́jọ́ tí dókítà sọ pé oògùn ò ran àìsàn wọn mọ́, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé Ráfáẹ́lì ṣì wà lẹ́yìn yín?"

Wọn ò bojú wẹ̀yìn. "Ta ló di àga mi mú?"

Bọ́ọ̀sì Catford kọjá níta. Ọwọ́ mi ò kúrò lára àga.