Ẹ Má Bínú, Ọkọ Mi

Àárín ìkòkò ńlá méjì ni mo tọ́jú ẹ̀rọ eré mi sí lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù ìyàwó mi láti Sakété lọ sí Pobè. Mo fi aṣọ mẹ́ta wé e, mo da ṣíbí àti àwo lé e lórí, mo wá ń fi ara mi yangàn pé mo gbọ́n. Mo gbàgbé pé àwọn obìnrin ilé ọkọ ló ń tú ẹrù ìyàwó, àti pé ṣe ni wọ́n ń gbé nǹkan sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ilé lè rí ohun tí ìyàwó mú wá.

Dàdá lọwọ́ rẹ̀ bà á. Dàdá là ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa, bí àwọn ará Àjàṣẹ́ ṣe ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó dàgbà jù ni. Epo pupa ló ń ṣe, bó bá sì ti sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, abẹ gé e. Ó tú aṣọ kìíní, ó tú ìkejì, ó tú ìkẹta, ó wá gbé ẹ̀rọ dúdú náà sókè pẹ̀lú okùn rẹ̀ àti mánẹ́tì méjèèjì, ìyẹn ohun tí à ń dì mú tí a fi ń darí eré.

"Ti ta nìyí?"

"Tèmi ni, Dàdá."

"Ti ọkọ rẹ lo fẹ́ wí."

"Tèmi ni. Mo máa ń fi gbá bọ́ọ̀lù."

Àwọn obìnrin ilé wo ara wọn. Ìyàwó àgbà ilé náà, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ń wolẹ̀. Bí wọ́n bá bá ìgò ọtí sódábì nínú ẹrù mi, n kò rò pé ojú wọn ìbá le tó bẹ́ẹ̀. Dàdá rọra fi aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé e padà, ó gbé e wọ yàrá, mo sì gbọ́ bó ṣe ń ti àpótí rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n sọ nípa mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Aránṣọ ni mí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo relé ọkọ. Ní Sakété, ilé eré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí òjò bá ń rọ̀ tí kò sí oníbàárà, ọ̀gá wa obìnrin á ní ká lọ wò wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò, èmi jókòó, mo ń gbá. Láàárín ọdún méjì, kò sí ọkùnrin kan ládùúgbò yẹn tí n kò tíì nà. Nígbà tí mo gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, mo ra ẹ̀rọ tèmi lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti Àjàṣẹ́ wá. Ilé eré yẹn náà ni ọkọ mi ti rí mi. Òun kò mọ̀ ọ́n gbá rárá, kó máa wo èmi ló fẹ́ràn.

Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àwa tó ń ṣe eré yìí nílé ọkọ mi kò kéré. Ọ̀lẹ ni wá. A kì í wẹ̀. Bí wọ́n bá pè wá, a kì í dáhùn. Ojú wa á fọ́, a ó máa fi ìbínú fọ́ nǹkan. Tó bá wá jẹ́ obìnrin, ooru ẹ̀rọ á ti ba ibi tó yẹ kó gbé ọmọ sí jẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo bi ọkọ mi léèrè ibi tí wọ́n ti kó gbogbo èyí jọ. Ó ní ìbátan wọn kan ní Ahoyéyé ló pa oko bàbá rẹ̀ tì nítorí ilé eré, tí igbó fi bo oko náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń fi wọn gbogbo wa, bí ẹni tó fẹ́ fi ìwọ̀n ọmọ ilé ìwé kan rán kàkí gbogbo kíláàsì.

Mo ń dìde ṣáájú àkùkọ. Mo ń gbálẹ̀, mo ń pọnmi, mo ń bá Dàdá gún ẹyìn lọ́jọ́ tó bá ń ṣe epo, kí n tó lọ jókòó ti màṣíìnì mi tí n óò máa rán kàkí àwọn ọmọ ilé ìwé títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Kò ràn mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ìyàwó àgbà jó ẹ̀wà, iná ló pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí èmi jó o, eré ni. Mo ní kí n sì sọ ọ́ kó yé yín pé ẹ̀rọ náà wà nínú àpótí Dàdá látọjọ́ tí mo ti wọlé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí ìró rẹ̀, n kò tíì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, eré ló jó ẹ̀wà. Inú bí mi débi pé mo lọ sínú yàrá, mo bú sẹ́kún, mo nu ojú, mo jáde wá tún ẹ̀wà míì gbé kaná.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, Dàdá ní òun máa dá ẹ̀rọ náà padà sílé bàbá mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀ sílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kì í ṣe nítorí eré nìkan. Lọ́dọ̀ wa, bí nǹkan kan nínú ẹrù ìyàwó bá ti padà sílé bàbá rẹ̀, ìgboro Sakété kò ní béèrè nǹkan tó jẹ́. Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé wọ́n ti ń dá ìyàwó padà díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ló máa gbọ́ ọ lójà, òun ló sì máa ru ìtìjú rẹ̀.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹbí tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Ibẹ̀ ni Akọ̀wé ti dá sí i. Àbúrò ọkọ mi ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà. Ìyàwó kì í pe irú wọn lórúkọ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́ nítorí pé búrò, ìyẹn ọ́fíìsì, ló ti ń ṣiṣẹ́, bí mo bá sì fẹ́ kí i, mo ń kúnlẹ̀. Akọ̀wé yìí kan náà kì í kúrò nílé eré ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí ọ̀gá níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní ọ̀lẹ. Wọ́n ní ó ń fi sinmi ọpọlọ ni.

"Dàdá, ẹ má dààmú ara yín," ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Obìnrin kì í mọ nǹkan wọ̀nyí gbá. Ó kàn ń gbé e kiri ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Tí ìyàwó bá nà mí, kó máa lò ó. Tí mo bá nà án, kí ẹ̀rọ padà sí Sakété."

Dàdá wò mí. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Dàdá."

Ní àárín ọ̀sẹ̀, mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ọkọ rẹ lo fẹ́ nà lójú gbogbo ẹbí rẹ̀? Jẹ́ kó borí. Màá rán ẹni wá gbé ẹ̀rọ náà, màá sì fara mọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá sọ. Ilé rẹ ni kó tòrò." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti ń gbaradì fún ọ̀rọ̀ ọjà. Ọkọ tó fẹ́ mi ní tirẹ̀ sọ pé ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe. Inú bí mi sí i, nítorí pé mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé kí n nà án.

Ọjọ́ Àìkú dé. Wọ́n ti jẹun tán, pálọ̀ kún, àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Dàdá gbé ẹ̀rọ jáde, Akọ̀wé ló so okùn rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó sórí ẹní, òun jókòó sórí àga. Mo di mánẹ́tì mú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ayọ̀ fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ. Mo sì ṣe ohun tí ìyá mi wí. Ó gbá ìkíní wọlé, ó fò sókè. Ó gbá ìkejì wọlé, ó bọ gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lójú fèrèsé. Ẹnì kan ní, "Ẹ ò rí i? A ti wí." Èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyàwó gidi, inú mi sì ń bàjẹ́.

Nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ parí, Dàdá dìde. "Ìyàwó, wá ná."

Mo tẹ̀lé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé o rò pé mi ò ríran ni?"

"Rárá o, Dàdá."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọwọ́ àwọn tó ń bá mi gún ẹyìn. Mo mọ ọwọ́ tó rẹ̀, mo sì mọ ọwọ́ tó ń díbọ́n. Àtàǹpàkò rẹ ò ṣiṣẹ́ kankan. Nígbà tí àbúrò mi ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ṣe lo mú ọmọ agbábọ́ọ̀lù tìrẹ kúrò lọ́nà fún un. Kí ló dé?"

"Ọkọ mi ni wọ́n, Dàdá. Mi ò fẹ́ dójú tì wọ́n."

"O wá jẹ́ kó máa fò sókè lórí ohun tí kò ṣe. Kí lo pe ìyẹn?" Ó sún mọ́ mi. "Irọ́ lò ń fi ọwọ́ pa nínú ilé bàbá mi. Padà lọ gbá èyí tí o mọ̀. Tó bá ṣì nà ọ́, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ sí Sakété, màá sì sọ fún ìyá rẹ pé o gbìyànjú."

Ojú tì mí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bínú pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wo gbogbo wa, èmi náà sì ti fi ojú kan ṣoṣo wo obìnrin yìí. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé kí ni obìnrin elépo fẹ́ mọ̀ nínú ohun tó ń lọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Òun nìkan ló rí i nínú gbogbo pálọ̀ yẹn.

Mo padà wọlé, mo tún kúnlẹ̀ níwájú Akọ̀wé. "Ọkọ mi, ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àrífín." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bọ̀.

N kò jẹ́ kó rí bọ́ọ̀lù fọwọ́ kàn kí n tó gbá ọ̀kan wọlé. "Ẹ má bínú, ọkọ mi," ni mo wí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìkejì wọlé láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù gba òkè orí asọ́lé rẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi." Ẹ̀rín ti pọ̀ sí i. Akọ̀wé kúrò lórí àga, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Mo gbé ọmọ mi kọjá mẹ́ta nínú àwọn tirẹ̀, mo rọra tì í wọlé, mo sì tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ìkẹrin, n kò tíì la ẹnu tí gbogbo pálọ̀ fi bá mi wí i pọ̀: "Ẹ má bínú, ọkọ mi." Ìyàwó àgbà, ẹni tó wolẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú ẹrù mi, ló ń pariwo jù. Ọkọ tó fẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Iná kúráǹ kò lọ, ọpẹ́ ni, mo sì fi ìkarùn-ún kún un.

Márùn-ún sí méjì. Inú mi dùn gan-an. Akọ̀wé gbé mánẹ́tì sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ìkẹta yẹn, báwo lo ṣe ṣe é?" Mo fi hàn án. Ó ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé, ó ní ẹni tó bá rẹ́rìn-ín òun kó wọlé wá jókòó síbi tí òun jókòó sí. Kò sẹ́ni tó wọlé.

Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn ni fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti ọjọ́ yẹn. "Ṣé kí n rán ẹni náà wá?"

Kí n tó dáhùn, Dàdá ti na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mo tún kúnlẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ọmọ yín ni. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ náà ti rí àyè sí nínú pálọ̀ wa." Ó wo èmi tí mo wà nílẹ̀. "Ó na ọkọ rẹ̀ níbí báyìí, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó nà án. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ ọ."

Ó dá fóònù padà fún mi. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń fọn imú.

"Èló sí èló?" ni ó béèrè.

"Márùn-ún sí méjì, Màmá."

"Kí ló fà á tó fi rí méjì yẹn gbá?"