Ẹni Tó Wà Nínú Ọkùnrin Onírin

Nàfísátù ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ike ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ilo-Awela. Fíìmù kan wà tí kì í sú u. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, owó ò sì sí lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Oṣó kan ló ń bá ọkùnrin onírin jà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rìn bí ènìyàn. Páànù àti páálí ni wọ́n fi ṣe onírin náà. Bó bá ti ń rìn, páálí ìdí rẹ̀ á máa ya. Bí Nàfísátù bá ń wo fíìmù náà lórí fóònù rẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Nàfísá, ṣé o ò rí fíìmù gidi wò ni?"

Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ibi tí ọfọ̀ tán lẹ́nu oṣó, tó ṣubú, tí onírin wá bẹ̀rẹ̀, tó mú fìlà oṣó náà nílẹ̀, tó sì dé e padà sí i lórí, ẹ̀rín á kúrò lẹ́nu Nàfísátù. Ta ló kọ́ irin láàánú?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Ògúndèjì tó ń ṣọ́ géètì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo fóònù náà.

"Èmi nìyẹn," ó ní.

"Oṣó yẹn, bàbá?"

"Rárá o. Èmi ni mo wà nínú páànù."

Nàfísátù rò pé àwàdà ni. Bàbá ká apá ẹ̀wù sókè, ó fi àpá ibi tí etí páànù ti gé e hàn án. Ó ní ooru inú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa òun.

"Ta ló ní kí ẹ dé fìlà fún oṣó yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti pa kámẹ́rà ni. Àgbàlagbà ni ọkùnrin yẹn, ó sì wà nínú eruku láìdé fìlà. Ṣé kí n kàn máa wò ó ni?"

Látìgbà tí ẹ̀rọ tuntun ti dé, tí wọ́n ní kí àwọn kan lára àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, Nàfísátù ti gbà pé irin ò mọ ènìyàn. Inú fíìmù yìí nìkan ló ti rí irin tó ṣàánú, àṣé ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Ó dùn ún díẹ̀, ó sì tún dùn mọ́ ọn.

"Ẹ ti wò ó parí rí?"

"Mi ò wò ó rí. Wọ́n ní àwọn á pè mí wá wò ó, wọn ò pè mí."

Ó fa àga fún bàbá, ó dá fíìmù náà padà síbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí onírin yọ, tó ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, bàbá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́rì kan fun fèrè ní géètì. Bàbá fẹ́ dìde.

"Ẹ jókòó, bàbá," Nàfísátù ní. "Mò ń lọ ṣí i."