Wọ́n ya ìsìnkú lé àṣekágbá líìgì lórí

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn ni mí, mo sì ń kọ ìtàn líìgì básíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó kógbá sílé kí wọ́n tó gbé ife ẹ̀yẹ fún ẹnikẹ́ni. Títí dòní, ẹgbẹ́ méjèèjì tó gbá àṣekágbá ló ń sọ pé àwọn ló borí. Fídíò kan ṣoṣo ló lè parí àríyànjiyàn náà. Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Délé ló wà, ọ̀kan lára àwọn tó gbá a.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn ní Ìsàn láàárọ̀ yìí. Iná wà. A ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Ayò dọ́gba, eré fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bọ̀ọ̀dá Délé fò, wọ́n ju bọ́ọ̀lù...

Ni pósí bá yọ!

"Ta ló ya ìsìnkú lé e?"

Ìyàwó wọn ní, "Èmi ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún oníkámẹ́rà, Dókítà. Mo ní wọ́n ti sá kiri tó, kí Màmá mi náà ráyè nínú ulé yìí."

Bọ̀ọ̀dá Délé ní, "Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ó wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jù ú! Ẹ ò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara yín."

Mo fẹ́ pa ẹ̀rọ náà, ìyàwó figbe ta: "Ẹ má pa á! Wọn ò tíì kọrin Màmá."

Mo wo ìsìnkú náà tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà ní pápá lọ́jọ́ náà? Ṣé bọ́ọ̀lù yẹn wọlé?