Anpilifáyà Abẹ́ Ìjókòó Mi

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, kẹ̀kẹ́ márúwá kan gba àdúgbò wa kọjá, ó ń polówó oògùn eku. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń ké jáde láti inú gbohùngbohùn orí rẹ̀. Bó ṣe sọ pé, "Eku tó bá tọ́ ọ wò," bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà gé. Àwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé eku náà kò wá kú mọ́ ni. Èmi di aṣọ tí mo fẹ́ sá mú, mi ò lè sá a. Mo mọ ohun tó lè mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ gé lójijì.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré kò lè mọ Agége bí a ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà. Ilé wa wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì kan, kò jìnnà sí ojú irin. Òórùn búrẹ́dì ló ń jí wa, fèrè àwọn ilé iṣẹ́ apá Ìkẹjà ló sì ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ti mọ́ tán. Ṣùgbọ́n fèrè náà ti ń dín kù. Ilé iṣẹ́ kan á tì pa lónìí, òmíràn á dín òṣìṣẹ́ kù lọ́la. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti lo ìgbà èwe rẹ̀ dá a dúró. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ kò ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan lọ, èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí láti inú.

Ọkọ̀ yìí ló fi gba iṣẹ́ ìpolówó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ kékeré kan. Wọ́n de gbohùngbohùn mọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì gbé anpilifáyà, ìyẹn àpótí irin pẹlẹbẹ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Ohùn mi mọ́ gaara nígbà náà. Lọ́jọ́ Sátidé, màá jókòó sẹ́yìn, màá di máìkì mú, bàbá mi á sì máa wakọ̀ jẹ́jẹ́ káàkiri Agége títí dé Ògbà. A tilẹ̀ wọ GRA Ìkẹjà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́dẹ ibẹ̀ lé wa jáde, wọ́n ní àwọn ọ̀gá àwọn ń sùn. Ní àdúgbò wa, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí.

Láyé ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá níyì nínú ilé la máa ń bò. Tẹlifíṣọ̀n ní aṣọ tirẹ̀, rédíò ní tirẹ̀, a kì í sì í bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga tuntun. Aránṣọ ni màmá mi. Ó fi àrán pupa rán ẹ̀wù fún anpilifáyà náà, ó fi òwú tẹ́ inú rẹ̀, ó fi léèsì sí etí rẹ̀, kí eruku ọyẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Ìyá Ràfíù, ará yàrá tó kọjú sí tiwa, yí i wò títí.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ̀wù yìí mà dára ju ti bàbá ẹ lọ o!"

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé anpilifáyà náà máa ń kú lójú ọ̀nà. Màá ti wọ inú ọ̀rọ̀ dáadáa: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹni tó bá fi ọṣẹ yìí fọ aṣọ..." Gbohùngbohùn á dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọmọ tó ń sá tẹ̀lé wa á sì bá mi parí rẹ̀:

"Á rìn ní ìhòòhò!"

"Aṣọ á fò lọ!"

Tí a bá dúró fún ìgbà díẹ̀, á jí fúnra rẹ̀, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún kú.

Bàbá mi wá àìsàn náà títí. Ó fi omi gbígbóná fọ orí bátìrì. Ó ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà ti kan ara ọkọ̀. Ó tọ wáyà gbohùngbohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá ibì kan ń kan ara wọn. Ó pààrọ̀ fíúsì. Nílé, tó bá ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, anpilifáyà náà kì í kú rárá. Tó bá parí, màmá mi á tún wọ ẹ̀wù náà fún un, á so okùn rẹ̀ dáadáa.

"Ó ń rẹ̀ ẹ́ ni," ni màmá mi wí.

"Irin ló ń rẹ̀?" ni bàbá mi dáhùn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọṣẹ ránṣẹ́ pè wá. Bàbá mi jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ máà bínú o. Tí ẹ̀rọ yín bá tún dákẹ́ ní Sátidé, ẹlòmíràn la máa gbé iṣẹ́ yìí fún."

Bàbá mi gbé anpilifáyà náà, láìsí ẹ̀wù, lọ bá Mùdá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mùdá tú u, ó fi ìka tọ́ka sí nǹkan kékeré kan nínú rẹ̀.

"Bàbá, eléyìí ló ń pa á. Tí ara ẹ̀ bá ti gbóná, òun ló ń gé iná."

"Kí la máa wá ṣe fún un?"

Mùdá yọ ọ́, ó so wáyà méjì pọ̀ rọ́pò rẹ̀. "Mo ti dá a dúró níṣẹ́."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ti lé e. "Èmi nìkan kọ́ nìyẹn," ló wí. Mùdá kò bèèrè ohun tó ń mú un gbóná. Bàbá mi náà kò rántí sọ ti ẹ̀wù.

Ní Sátidé, ohùn náà kò gé. A yí Agége po, ó ń dún bí agogo. Bàbá mi ń lu ọwọ́ ìwakọ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ bá mi gbọ́ ọ!" Nígbà tí a ń súnmọ́ ojú irin, ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lábẹ́ mi.

"Bàbá, ìdí mi ń gbóná."

Mo ti gbàgbé pé máìkì ṣí. Gbogbo òpópónà gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kiri búrẹ́dì sọ àtẹ búrẹ́dì kalẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Fara dà á, ọmọ mi. Ó ti ń parí lọ."

Mo fara dà á. Mo tún sọ ti ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni èéfín yọ láàárín ẹsẹ̀ mi, iná sì jó aṣọ mi mọ́ itan. Mo fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo kígbe "Iná! Iná!" sínú máìkì tó wà lọ́wọ́ mi, igbe náà sì gba gbogbo Agége. Kí bàbá mi tó bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà létí ọ̀nà ti fi irin fọ́ gíláàsì. Wọ́n fà mí jáde láti ojú fèrèsé bí ẹrù.

Nígbà tí iyanrìn pa iná náà, wọ́n fi igi gbé ìjókòó kúrò. Àrán pupa ti lẹ̀ mọ́ anpilifáyà bí èèpo tó jóná mọ́ iṣu. Màmá mi ti sáré dé. Mùdá náà dé, ó wò ó, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ bò ó?"

"Eruku ni mo ń yẹra fún," ni màmá mi wí. Kò sí ẹni tó bá a wí. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún rí i kó bo nǹkan kan nílé wa.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọṣẹ ṣe bẹbẹ. Ó ránṣẹ́ pé òun ti gbọ́ bí ohùn náà ṣe lọ jìnnà tó, pé òun á fún wa ní ọkọ̀ mìíràn, kí bàbá mi ṣáà mú mi dání tí itan mi bá ti san. Kò sí iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀, bàbá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ìránṣẹ́ náà, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohùn ọmọ mi kò sí lọ́jà mọ́." Ó pẹ́ kó tó rí iṣẹ́ ọlọ́dẹ gbà ní GRA. Ó ní ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Agége ti yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ti di ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ibi ìkẹ́rùsí, àwọn ọmọ mi kò sì mọ fèrè kankan. Ohun tí kò tíì yí padà ni bí àgbàlagbà ṣe máa ń sọ fún ọmọdé pé kó fara dà á, pàápàá nígbà tí oúnjẹ ilé bá wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bàbá mi fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n tí ọmọ mi bá sọ pé nǹkan ń gbóná, mi ò kì í bi í léèrè ohunkóhun. Mo máa ń kọ́kọ́ gbé e kúrò níbẹ̀.