Ìlà Mélòó Ló Wà Lójú Ìyá?

Bí ẹ bá dé Ṣómólú tí ẹ ń wá Rilwan Gbàdàmọ́sí, ẹ má wulẹ̀ fi orúkọ yẹn da ara yín láàmú. Ẹ ṣáà béèrè pé, "Jẹun-kó-o-tó-yà dà?" Wọ́n á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó há sáàárín ilé ìtẹ̀wé méjì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dún gbì, gbì, gbì láti òwúrọ̀ títí tí oòrùn á fi wọ̀.

Orúkọ náà kì í ṣe èébú. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi wá a. Bó bá dé ibi ìgbéyàwó, kí ìyàwó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, Rilwan á ti mọ ibi tí ìkòkò wà. Ó ní bí inú bá ṣófo, ọwọ́ a máa gbọ̀n, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n, ìyàwó á jáde nínú fọ́tò bí ẹni tí ibà ń ṣe. "Ẹ bu ọ̀fadà díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀yin ìyá mi, nítorí ìyàwó ni o, kì í ṣe nítorí tèmi." Àwọn alásè á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á tún fi ẹran lé e. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni, ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú kámẹ́rà rẹ̀ wọlé. Ó ti ya ìyàwó tó lé ní ẹgbẹ̀ta, kò tíì rí ẹyọ kan mú wálé. Ó ní òun ṣì ń yan èyí tó mọ ọ̀jọ̀jọ̀ dín bíi ti ìyá òun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó mọ iṣẹ́. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá láti Palmgrove àti Onípanu ni pé ó mọ ojú fọ̀. Bó bá yà yín tán, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á fọ rorẹ́ kúrò, á fọ àpá ilẹ̀gbóná, á fọ gbogbo àìsùn ọdún márùn-ún tó kó ara wọn jọ sábẹ́ ojú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọ́kà tí wọ́n ń wá ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fọ̀ mí dáadáa o, bàbá mi máa fi han ọ̀rẹ́ ẹ̀." Rilwan á ní, "Bí mo bá fọ̀ ẹ́ tán, bàbá ẹ á béèrè pé ọmọ ta nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá òun nílé.

Ìyá rẹ̀, Rùkáyátù, ará Ìṣẹ́yìn ni, àbàjà sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ìlà gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ léra wọn bí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àlejò. Nígbà tí Rilwan wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Bàrígà rí i, wọ́n sì sọ ọ́ dorin. Ọjọ́ yẹn ló délé tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ má wá mú mi níléèwé mọ́. Ẹ rán Àǹtí Wosi." Ìyá kò bá a jà. Ó dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó sùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà jáde, Ìyá á fa ìborùn bojú, tàbí kó rántí pé nǹkan ń jóná nílé ìdáná.

Ìgbà kan ṣoṣo ló jókòó. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni, ọjọ́ ìgbéyàwó Wosilat, ẹ̀gbọ́n Rilwan. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àga, tó ká ìborùn sí orúnkún, tó gbé ojú sókè. "Yà mí." Inú Rilwan dùn débi tí kò mọ ohun tó lè ṣe fún ìyá rẹ̀ ju ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Ó gbé fọ́tò náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì fọ̀ ọ́. Ó fọ ìlà náà kúrò pátápátá, awọ ojú Ìyá jọ̀lọ̀ bí ọṣẹ tuntun.

Nígbà tó gbé e délé, Ìyá wò ó pẹ́. Ó súnmọ́ ọn, ó tún jìnnà sí i. "Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní, "ta ni arẹwà yìí? Ẹ gbé e kọ́. Bí àlejò bá béèrè, ẹ ní àbúrò mi tó wà ní Mẹ́kà ni." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Rilwan náà rẹ́rìn-ín. Kò sì rántí ohun tó ti ṣe ní ṣọ́ọ̀bù: èyí tó fọ̀ ló fi pamọ́ lé orí èyí tí kò fọ̀, kí àyè lè wà nínú kọ̀ǹpútà fún ìyàwó ẹlòmíràn. Fọ́tò àkọ́kọ́ ti pòórá.

Lọ́dún yìí, nígbà òjò, Ìyá ṣàárẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà, ó sì lọ. Wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ètò rẹ̀ sì lọ ní ìrọ̀rùn. Nítorí fídáù ogójì ọjọ́, Wosilat ní kí wọ́n tẹ fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó náà ní ńlá, kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé tó bá ṣọ́ọ̀bù Rilwan pààlà tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi sí fírémù, ó gbé e kọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Wonder gbé ẹja yíyan dé láti etí omi Bàrígà.

Ìyá Wonder, Sabina Ikúmápàyí, Ìlàjẹ ni. Òun àti Rùkáyátù ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, ìjà orí ẹja ọ̀bọ̀kún ló bí ọ̀rẹ́ náà. Ó gbé abọ́ ẹja sílẹ̀, ó dúró níwájú fọ́tò, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Rili, ta nìyí?"

"Ìyá mi ni, Mà."

"Ìyá ta?"

"Ìyá tiwa náà ni, Mà. Ìyá Wosi."

"Èmi tí mo máa ń sọ fún Rùkáyátù pé ológbò ló họ ọ́ lójú, tó máa ń dá mi lóhùn pé ológbò náà kò kú o, òun lè rán an sí mi. Ológbò náà dà?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni, Mà."

"O fọ̀ ọ́?" Ìyá Wonder yíjú sí i. "Ṣé ó dọ̀tí ni?"

Wosilat jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó wo fọ́tò, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń kọjá lábẹ́ fọ́tò kékeré ọjọ́ náà, kò kà á sí, nítorí ẹni tó ni ojú jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ní báyìí àga ṣófo.

"Rilwan," ó ní, "dá ìlà Ìyá padà. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, jọ̀ọ́."

"Àǹtí mi, ṣé ìyẹn náà ni? Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì. Ó fa ìlà kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fa èkejì, ó fa ẹ̀kẹta. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fún ẹ̀kẹrin, ló bá dúró. Ṣé ẹ̀kẹrin wà? Ó dijú. Ojú Ìyá wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní kó wá gba àwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ kà á, àwo náà ni yóò rí, èéfín ń yọ lórí èkuru.

Ó pe Wosilat. "Àǹtí mi, ìlà mélòó ló wà lójú Ìyá?"

"Mẹ́rin."

"Ó dá yín lójú?"

"Àbí mẹ́ta? Rilwan, ìwọ tí o jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́ ló ń bi mí?"

"Ẹ̀yin náà ọmọ wọn kọ́?"

"Èmi kì í ṣe onífọ́tò! Ojú ni iṣẹ́ tìẹ!"

Rilwan tú inú fóònù rẹ̀ wò, ó tú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Níbi tí Ìyá wà, ìborùn ló wà. Àmọ́ ó rí nǹkan mìíràn. Ó rí èkuru Ìyá tó yà lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ata rẹ̀ pupa yòò. Ó rí ọ̀jọ̀jọ̀ Ìyá, mọ́ínmọ́ín eléwé Ìyá, ẹ̀gúsí Ìyá lọ́jọ́ iléyá. Igba ó lé mọ́kàndínlógún ni gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló mọ́ kedere. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ìka ọwọ́ Ìyá méjì tàbí mẹ́ta ń bẹ létí àwo, tí wọ́n ń tì í síwájú fún un. Ojú Ìyá kò sí nínú ìkankan.

Ó gbọ̀nà etí omi lọ. Ìyá Wonder fi pupuru àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀ kó tó sọ ohun tó bá wá. "Jẹun kó o tó sunkún," ó ní. Rilwan jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán pàápàá, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn.

"Mélòó ni, Mà?"

"Ṣé èèyàn máa ń ka ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni? Ẹja ni mo máa ń kà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Pe Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ ò tíì kú."

Ẹ̀gbọ́n Ìyá lọ́kùnrin ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ sì ti di. Rilwan pariwo sínú fóònù títí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi fi yíjú wò ó.

"Ìlà Rùkáyátù?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ẹ bu olóòlà jẹ! Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó kọ ọ́. Olóòlà parí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, mẹ́rin géérégé. Ó dé ìkejì, ó kọ mẹ́ta, ìyá ẹ bá ki eyín bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kó abẹ, ó ní òun ò ṣe mọ́. Bó ṣe di mẹ́rin sí mẹ́ta nìyẹn!"

Rilwan fò sókè. Ìyá Wonder pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ló ní mẹ́ta, Bàbá?"

"Ẹ̀n?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo!"

"Ọ̀tún ni. Dúró ná. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Orí rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, lórí itan ìyá wa... Ọ̀tún tèmi nìyẹn, àbí ọ̀tún tirẹ̀?" Ẹ̀rín ti kúrò lóhùn Bàbá. "Ọmọ mi, kò dá mi lójú mọ́."

Ó wá ku ọ̀la kí ogójì ọjọ́ pé. Wosilat wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó tì í. "Nígbà tó o wà ní kékeré," ó ní, "o kì í sùn àfi kó o ki ìka bọ ìlà Ìyá, ìka kan fún ìlà kan. Bóyá ọwọ́ ẹ rántí." Rilwan wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé ojú inú fírémù tó ti gbé padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jọ̀lọ̀ náà, ó dijú. Gíláàsì tutù. Ọwọ́ náà bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó bo imú, ó bo ojú. Ọwọ́ ti dàgbà ju ojú lọ.

Ó ṣe méjì: ọ̀kan ní mẹ́ta lọ́tùn-ún, èkejì ní mẹ́ta lósì. Ó gbé méjèèjì síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wosilat wò wọ́n títí omi fi lé lójú rẹ̀.

"Gbé ti tẹ́lẹ̀ kọ́," ó ní. "Irọ́ tá a mọ̀ pé irọ́ ni sàn ju òótọ́ tá à ń méfò lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àlùfáà ṣàdúà, àwọn èèyàn kún pálọ̀, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín, arẹwà Mẹ́kà sì ń wò wọ́n láti orí ògiri. Ìyá Wonder kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń yọ eegun ẹja. Bí àwọn àlejò bá ti wọlé ni wọ́n ń sọ pé, "Ìyá yín mà rẹwà o!" Rilwan á ní, "Ẹ ṣé." Ẹlòmíràn á tún ní, "Kò sí àléébù kan lójú wọn!" Rilwan á ní, "Ẹ ṣé gan-an."

Obìnrin kan láti Palmgrove, Morọ́láyọ̀, tí Rilwan ya ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, fa ìyá rẹ̀ arúgbó lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Rilwan, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ wò ó, ẹ bá wa ya Màmá. Ẹ bá wa fọ ojú wọn bíi ti Màmá yín yìí, kí ó dán gbinrin." Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ kí Wosilat.

Màmá jókòó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún fún àbàjà. Rilwan ní mọ́ínmọ́ín lẹ́nu. Kò mọ ìgbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìlà náà, tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń kà lójú mi, ọmọ yìí?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Kò sí ìbínú. Mẹ́fà ni, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì dọ́gba. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, mo máa ń sọ fún un." Ó gbé ojú sókè sí ògiri, ó wo arẹwà náà, ó tún yíjú padà sí Rilwan. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í béèrè. Ti ìyá tìẹ ńkọ́? Mélòó ni?"

Mọ́ínmọ́ín náà dúró sí Jẹun-kó-o-tó-yà lẹ́nu. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Màmá ń wò ó, ó ń retí.