Ìlà Abẹ́ Oje Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ó di ọdún mẹ́ta tí Nalwadda ti ń gbé lọ́dọ̀ Kaddu ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Nateete, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tó jẹ oúnjẹ Kisakye, ìyàwó Kaddu, láìjẹ́ pé Kisakye kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú rẹ̀. Ogún ọdún ni Nalwadda fi dáná fáwọn ọmọ iléèwé. Ó mọ ohun tí ọwọ́ lè jù sínú ìkòkò láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i.

Nígbà tí ìlà wẹ́wẹ́ wá yọ lórí èékánná rẹ̀, láti ìdí dé orí, ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, májèlé ni. Ṣebí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Kisakye lóun ń lọ sílé bàbá òun, tó lo ọ̀sẹ̀ méjì, tó rù padà dé? Oògùn ló lọ wá!

Lọ́sàn-án Sátidé, ó pe Magezi, tó máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ kútẹ́sì kiri àdúgbò, tó ń tún èékánná ṣe. Bí Magezi bá fi lè sọ pé májèlé ni, níṣojú Kaddu, Kisakye á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lónìí.

"Wò ó dáadáa. Májèlé ni, àbí?"

Magezi rẹ́rìn-ín. "Màmá, àgbà ló dé. Bí irun funfun ni irú ìlà yìí. Ìyá tèmi náà ní i."

"Kisakye ló kọ́ ẹ lóhun tó o máa sọ!"

"Ẹ gbà mí o! Mi ò tíì tún èékánná ìyàwó yín ṣe rí."

"Ó dáa, wo ọwọ́ tiẹ̀ náà. Ọwọ́ tó ń po májèlé á ní àmì."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Kaddu tó jókòó nítòsí wí.

Kisakye ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, oje ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó kàn na ọwọ́. Magezi fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kòtò kan dábùú èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ní àárín gan-an.

"Ṣó o rí i!" Nalwadda pariwo.

"Màmá, eléyìí kì í ṣe ti àgbà o. Bí àìsàn bá le gan-an, èékánná kì í hù mọ́ títí ara á fi yá. Ibi tí kòtò yìí dé, á tó oṣù mẹ́ta. Ìyàwó wa, kí ló ṣe yín?"

Kisakye wo ọkọ rẹ̀. Kaddu tẹrí ba.

"Ibà ni. Ọsíbítù ló wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, wọ́n ní kò lè yè é. Èmi ni mo ní ká má sọ fún yín, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

Ojú ti Nalwadda, ojú tì í gidi. Ó rántí gbogbo ohun tó ti sọ fáwọn aládùúgbò nípa ọmọbìnrin yìí. Ó sì rántí pé lọ́jọ́ tó padà dé, ilé ìdáná lòun lé e lọ tààrà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Kisakye gbé oúnjẹ dé, ó sì bu díẹ̀ láti tọ́ ọ wò bí ìṣe rẹ̀. Nalwadda di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní. "Àwo tìẹ dà? Jókòó, kó o jẹun."